Ọnà alátúntẹ̀: láti orí àdìrẹ dé ojú íntánẹ́ẹ̀tì

Ọnà alátúntẹ̀ ni àwòrán kékeré kan tí wọ́n tò léraléra, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lókè-nísàlẹ̀, títí tó fi bo aṣọ, bébà tàbí ojú kọ̀ǹpútà, tí ojú kò sì ní rí oríkèé rẹ̀. Ibi oríkèé yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹnikẹ́ni lè ya òdòdó kan; kí etí rẹ̀ bá etí èkejì mu ni wàhálà.

Àwọn ahunṣọ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, òfì ìdúró ni àwọn obìnrin fi ń hun kíjìpá. Awẹ́ aṣọ ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìró, wọ́n sì sábà máa ń fi ìlà gígùn sí i, ojú ìrán a sì fara pamọ́ sáàárín àwọn ìlà yòókù.

Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn. Obìnrin aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ a pín aṣọ funfun sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, a ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́, a sì fi ya ọnà sínú igun kọ̀ọ̀kan kí ó tó ri aṣọ sínú aró èlú. Ibi tí ẹ̀kọ bò kì í mu aró. Bí ó bá gbẹ tí wọ́n sì ha á kúrò, ọnà yọ. Olókun ni wọ́n mọ̀ jù nínú irú èyí. Ìbàdàndùn náà lókìkí: òpó Gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó. Ìlà tó yí igun kọ̀ọ̀kan ká ti gbé oríkèé mì. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn a máa gé ọnà sára páànù, wọn a gbé e lé aṣọ, wọn a fi ẹ̀kọ ra á, wọn a sún un síwájú. Irú páànù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi tẹ Olóba, tí àwòrán Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún àti olorì rẹ̀ wà lára rẹ̀, nígbà jùbílì ọba náà ní 1935.

Ní ti ànkárá, tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn Dọ́ọ̀ṣì ń ṣe àfarawé bátíkì Jáfà, ẹ̀rọ tó ń yí ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ Vlisco, tó ń tẹ irú aṣọ yìí, ti wà ní Helmond nílẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì láti 1846. Bí ẹ̀rọ náà bá ti yípo tán, ọnà tún bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ó máa ń sú ni wò ju Olókun lọ, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kì í ya igun méjì bákan náà.

Ìbáà ṣe ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, ọnà alátúntẹ̀ ní òfin: lọ́dún 1891, Fedorov, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, fi hàn pé ọ̀nà 17 péré ni a lè gbà tún ọnà tẹ̀ sórí ohun pẹlẹbẹ.

Íntánẹ́ẹ̀tì náà gba ọgbọ́n títún àwòrán tẹ̀ nítorí ìlọ́ra. Wáyà tẹlifóònù ló ń gbé e níbẹ̀rẹ̀, àwòrán ńlá sì máa ń pẹ́ kó tó wọlé. Àwòrán kékeré tí a ń tún tẹ̀ kì í pẹ́. Ìlànà àkọ́kọ́ ti CSS, èdè tí a fi ń ṣètò ìrísí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, tó jáde ní 1996, ti ní àṣẹ background-repeat, tó ń tún àwòrán tẹ̀, nínú. Ẹni tó fẹ́ lo fọ́tò àdìrẹ ní láti gé e sójú ìlà igun gẹ́lẹ́. Bí kò bá sí ìlà, kí ó pín àwòrán sí mẹ́rin, kí ó gbé ti ọ̀tún sí òsì àti ti òkè sí ìsàlẹ̀. Etí tó wà níta tẹ́lẹ̀ á bọ́ sáàárín, ibẹ̀ ni yóò ti tún un ṣe. Kí ìmọ́lẹ̀ sì dọ́gba lára aṣọ nígbà tí wọ́n bá ń yà á, torí òjìji kékeré kan, bí wọ́n bá tún un tẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún òjìji ni.