Mahomes Oní-dọ́là Méjì

Ìwé àjákọ aláwọ̀ ewé kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ní Maryland níbí, igun rẹ̀ ti ká. Èmi ni akọ̀wé líìgì fantasy ibi iṣẹ́ wa láti 2009. Ọjọ́ tí wọ́n bèèrè ẹni tí yóò máa kọ ohun tí a bá fẹnu kò sí, gbogbo wọn dorí kodò. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ń mú lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ láti kékeré, báwo ló ṣe máa rí ìpàdé tí kò ní akọ̀wé kó dákẹ́? Ojú ewé kan wà nínú ìwé náà tí mo fi bírò pupa kọ: "8 sí 4. Ó wọlé." Ojú ewé yẹn ni wọ́n ti gba Patrick Mahomes lọ́wọ́ mi.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mò ń wí o, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá. Àwa méjìlá la wà nínú líìgì náà. Bí August bá ti ń parí lọ, a óò ṣe gbànjo: oníkálukú ní $200 orí ìwé, òun la fi ń ra agbábọ́ọ̀lù gidi. Ohun tí ẹni tí o rà bá ṣe lórí pápá lọ́jọ́ Sunday, ìwọ lo ni máàkì rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ líìgì, bí ọdún bá ti parí, kálukú á tú àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Tiwa ní àdéhùn: nígbà tí mò ń wí yìí, iye tí o bá ra agbábọ́ọ̀lù, ọdún mẹ́ta lo lè fi mú un dání ní iye yẹn. Ẹni tó bá tètè rí ọmọ tí yóò di ìràwọ̀, kí àwọn yòókù tó mọ orúkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ba nǹkan.

$2 ni mo ra Mahomes ní 2017. Orí bẹ́ǹṣì ló wà ní Kansas City, Alex Smith ló ń gbá bọ́ọ̀lù, eré tó kẹ́yìn ọdún nìkan ni wọ́n tó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Nígbà tó di 2018, ìgbà 50 ni bọ́ọ̀lù tó jù di touchdown. Kí January 2019 tó parí, àbá ti wà lórí tábìlì: kí ẹnikẹ́ni má mú agbábọ́ọ̀lù dání ju ọdún méjì lọ mọ́, kí òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Inú bí mi débi pé mo lọ wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ àdéhùn yìí ti ṣẹ̀ wá.

Kò sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ fantasy. Bill Winkenbach, oníṣòwò kan ní Oakland tó ní ìpín nínú ẹgbẹ́ Raiders, òun àti akọ̀ròyìn Scotty Stirling àti Bill Tunnell tó ń bá Raiders ṣe iṣẹ́ ìròyìn, àwọn ni wọ́n gbé òfin àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní New York ní 1962. Raiders ọdún yẹn burú: eré 14, ẹyọ kan ni wọ́n jẹ. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n wá ohun mìíràn rò. Ní 1963, oníkílọ́ọ̀bù mẹ́jọ pàdé nílé Winkenbach, kálukú sì mú agbábọ́ọ̀lù 20 ní ìtòtẹ̀lé. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ni George Blanda, wọ́n fi Jim Brown, ògbóǹtarìgì asáré-gbé-bọ́ọ̀lù, sílẹ̀! Kò sówó orí agbábọ́ọ̀lù, kò sí àdéhùn.

Inú baseball ni àdéhùn ti wá, ìtàn ibẹ̀ ló sì mú mi jókòó. Láti 1879 ni àwọn oníkílọ́ọ̀bù baseball ti dìmọ̀ pọ̀ níkọ̀kọ̀ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ya agbábọ́ọ̀lù márùn-ún sọ́tọ̀ tí kílọ́ọ̀bù mìíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nígbà tó yá ó kan gbogbo wọn. Àdéhùn rẹ lè parí, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọ́ ló ṣì ni ọ́, àfi bó bá tà ọ́ tàbí tó lé ọ. Ìwọ̀fà pàápàá, nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ti san owó tán, ilé ló ń lọ. Ti àwọn wọ̀nyí kò ní owó tí wọ́n lè san.

October 1969, St. Louis Cardinals ta agbábọ́ọ̀lù wọn Curt Flood fún Philadelphia, lẹ́yìn ọdún méjìlá tó ti wà lọ́dọ̀ wọn. Ó kọ̀, kò lọ. Ó kọ lẹ́tà sí Bowie Kuhn, olórí baseball, lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún yẹn, pé òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ rántí. Ó pẹjọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ rẹ̀ nù ní 1972, 5 sí 3. (Ìbò náà ni.) Ọjọ́ 23 oṣù December 1975 ni onílàjà kan tó ń jẹ́ Peter Seitz tó sọ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù Andy Messersmith àti Dave McNally ti dòmìnira. Bí ìdè náà ṣe já nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà. Daniel Okrent, tó ń kọ̀wé tó tún ń ṣiṣẹ́ olóòtú, ro eré fantasy tuntun kan, ti baseball, nínú ọkọ̀ òfuurufú bó ṣe ń lọ sí Texas ní 1979. Ó ko àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ sí La Rotisserie Française, ilé oúnjẹ kan ní New York, ibẹ̀ ni orúkọ Rotisserie ti wá. Wọ́n ṣe gbànjo àkọ́kọ́ ní April 1980. Nínú ìwé òfin tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984, $260 ni kálukú fi ń ra agbábọ́ọ̀lù 23. Ẹni tó bá sì gbégbá orókè, Yoo-hoo, ohun mímu oní-ṣokoléètì, ni wọ́n ń dà sí i lórí. Okrent fúnra rẹ̀ kò gbégbá orókè rí.

Àwọn ni wọ́n dá àdéhùn padà. O lè mú ẹni tí o rà dání fún ọdún kejì ní iye kan náà. Kí ọdún kẹta tó dé, o ní láti yàn: jù ú sílẹ̀, tàbí lò ó lọ́dún kan sí i ní iye yẹn, tàbí kí o fi ọdún kún àdéhùn rẹ̀, $5 ni yóò sì gun orí owó rẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí o fi kún un. Ó gún régé, n kò purọ́. Síbẹ̀ nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Agbábọ́ọ̀lù ja ìjà títí ó fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, àwọn òǹwòran tó ń pàtẹ́wọ́ fún un wá jókòó ti oúnjẹ Faransé, wọ́n tún un so mọ́lẹ̀ lórí ìwé. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó fẹ́ ṣe agbábọ́ọ̀lù. Olówó ni gbogbo wọn fẹ́ ṣe. Àwa náà ńkọ́?

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tiwa pẹ́ kó tó dé ibi òmìnira yẹn. Ó di 1993 kí agbábọ́ọ̀lù NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ bá parí. Ọdún yẹn ni Reggie White kúrò ní Philadelphia lọ sí Green Bay. Ní 1994 wọ́n fi òdiwọ̀n sí owó tí kílọ́ọ̀bù lè ná, $34.6 mílíọ̀nù. Gbogbo èyí ni líìgì bíi tiwa ń ṣe àfarawé rẹ̀.

Àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn kò lóye rẹ̀ rárá. Fantasy Premier League ló ń ta, èyí tó ti wà láti 2002: £100 mílíọ̀nù, agbábọ́ọ̀lù 15, èèyàn mílíọ̀nù sì lè ní agbábọ́ọ̀lù kan náà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ni eré náà ló ń ṣòfin, wọn kì í bi ẹnikẹ́ni. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ìbò lẹ tún ń dì nítorí fantasy?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a sì máa ń jà.

A jà lọ́jọ́ tí a fẹ́ dìbò lórí àbá January 2019 yẹn. Yàrá ìjẹun ibi iṣẹ́ ni, páálí pízà mẹ́ta lórí tábìlì. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ ayò ọlọ́pọ́n, pé bí èèyàn bá ti ń jẹ ọmọ ayò bọ̀, a kì í déédéé yí ọpọ́n dé. Wọn kò mọ ayò. Ìyá kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, tó jókòó sí ìdí fèrèsé, ní kí n ṣí ìwé mi sí 2013. Mo ṣí i. Lọ́dún yẹn, òun ló ní asáré-gbé-bọ́ọ̀lù kan tó rà ní $3, a sì dìbò pé ọdún mẹ́rin tí a fi ń mú èèyàn dání ti pọ̀ jù, kó di mẹ́ta, lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó kín àbá náà lẹ́yìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ọwọ́ ara mi: èmi ni.

Wọ́n dìbò. 8 sí 4. Ní gbànjo August, ẹni tó dá àbá náà ló ra Mahomes, $34. Ní October, egungun orúnkún ọmọ náà yẹ̀ ní Denver, eré méjì ni kò sì gbá. Bí mo bá ní n kò rẹ́rìn-ín, irọ́ ni.

January 2020 ni mo dá àbá tèmi: òfin àdéhùn yòówù tí a bá yí padà, agbábọ́ọ̀lù tí a bá rà lẹ́yìn ọjọ́ ìbò nìkan ni yóò kàn. Nọ́ọ̀sì yẹn ló kín in lẹ́yìn. 12 sí 0. Bírò dúdú ni mo fi kọ ọ́.