Eré Ọlọ́dọọdún: Bí “The Wizard of Oz” Ṣe Kó Ẹbí Jọ ní Amẹ́ríkà

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta, oṣù Bélú, ọdún 1956, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán CBS ní Amẹ́ríkà gbé eré olórin kan tí ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún jáde. Orúkọ eré náà ni The Wizard of Oz. Nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 45 ni wọ́n ṣírò pé ó wò ó. Liza Minnelli, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wà lára àwọn tí ó kí àwọn òǹwòran káàbọ̀ sí eré tí ìyá rẹ̀, Judy Garland, ti ṣe nígbà èwe.

Nígbà tí eré náà kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1939, ó wu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n owó tí ó wọlé kò tó èyí tí ilé-iṣẹ́ MGM ná lé e lórí. Inú ìwé tí L. Frank Baum tẹ̀ jáde ní ọdún 1900 ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀. Ìjì líle gbé Dorothy, ọmọbìnrin kan ní Kansas, lọ sí ilẹ̀ àjèjì, ọ̀nà ilé sì ni ó ń wá títí eré fi parí.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1956, nígbà tí oorun ti ń kun ọ̀pọ̀ ọmọdé. Ní oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1959, wọ́n fi í sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Láti ìgbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ọdọọdún. Kò tíì sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò nínú ilé; ẹni tí ó bá pàdánù rẹ̀ di ẹ̀ẹ̀míì. Nítorí náà, bàbá, ìyá àti ọmọ a jókòó pọ̀ ní pálọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí. Bí ẹni ń gbọ́ àlọ́ ni: gbogbo wọn mọ òpin rẹ̀, síbẹ̀ ẹnìkan kì í fẹ́ dìde.

Ohun ìyanu kan wà níbẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ bí ti fọ́tò àtijọ́ ni wọ́n fi ya Kansas. Ìgbà tí Dorothy ṣílẹ̀kùn sí ilẹ̀ Oz ni àwọ̀ mèremère tú jáde. Bàtà fàdákà inú ìwé Baum pàápàá, pupa ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ṣùgbọ́n amóhùnmáwòrán dúdú-àti-funfun ni ó wà nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn ọmọ kan wo eré náà fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀ pé bàtà náà pupa.

Ní ọdún 1980, kásẹ́ẹ̀tì fídíò rẹ̀ dé ọjà. Ní ọdún 1998, CBS gbé e jáde kẹ́yìn, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìkànnì alásanwó tí ń fi í hàn lemọ́lemọ́. Lónìí, ọmọdé lè dá a wò lórí fóònù nígbàkígbà tí ó bá wù ú. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ọjọ́ àjọwò ti lọ. Tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ni ó ń dá ọjọ́ fún ẹbí. Ní báyìí, ẹbí tí ó bá fẹ́ jókòó pọ̀ ní láti dá ọjọ́ fún ara rẹ̀.