Ta Ló Gbé Fìtílà Sídìí Iye Owó Ọkọ̀?

Ṣáájú 1958, iye tó bá wu oníṣòwò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ló lè pe ọkọ̀ tuntun fún oníbàárà. Lọ́dún náà ni òfin tí Sẹ́nétọ̀ Mike Monroney ti Oklahoma gbé kalẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ iye tí ilé iṣẹ́ dá lé ọkọ̀ mọ́ fèrèsé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ: iye tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ rà á ṣì wà lábẹ́ aṣọ.

Edmunds, tó ti ń tẹ ìwé iye owó ọkọ̀ láti 1966, wá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. TrueCar, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, tún ń fi iye tí àwọn mìíràn san han oníbàárà. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2012, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti bínú kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń bá ara àwọn dín owó kù ń jẹ èrè àwọn run, TrueCar sì tún ń gba owó lórí ọkọ̀ tí àwọn bá tà. TrueCar ní láti yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Ẹ̀tọ́ oníbàárà ni láti mọ iye ọjà. Àmọ́ òfin 1958 kò bu nínú èrè ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbé fìtílà ti ìgbà yìí ń gba owó epo rẹ̀.