Orin jáde kúrò nínú CD, orúkọ rẹ̀ kò bá a jáde

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba orin ẹ̀fẹ̀ rí lórí WhatsApp, tó jẹ́ pé «Piste 01» nìkan ni wọ́n kọ sí i lórí. Ta ló kọ ọ́? Ìlú wo ni? Ọdún wo ni? A béèrè títí, a ò rí ẹni dáhùn. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Ọdún 1982 ni CD kọ́kọ́ dé ọjà, ní Japan. Sony àti Philips ló jọ ṣe é. Òǹkà ni wọ́n fi ń kọ ohùn sínú rẹ̀: ẹ̀rọ á wọn ohùn náà nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á sì kọ iye tó bá rí sílẹ̀. Nítorí pé òǹkà ni, kọ̀ǹpútà lè kà á, kó sì dà á kọ. Àmọ́ ó wúwo. Orin ìṣẹ́jú kan ń gba bíi MB 10, íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn sì ń gba ojú wáyà tẹlifóònù kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ fi orin kan ránṣẹ́, àfi kó ní sùúrù gidi.

Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Fraunhofer ní Jámánì, tí Karlheinz Brandenburg wà lára wọn, bá wa wá ọ̀nà sí i. Bí ohùn ńlá bá ń dún, ó máa ń bo ohùn kékeré mọ́lẹ̀, etí wa kì í gbọ́ ọ. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò, tí MB 10 fi di bíi MB 1. Ní 1995, wọ́n sọ ọ́ ní MP3. Nígbà tí Napster dé ní 1999, àwọn èèyàn ń tú orin inú CD wọn, wọ́n ń pín in fún ẹni tí wọn ò rí rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ olórin gbé Napster lọ sílé ẹjọ́, ó sì kógbá wọlé ní 2001.

Orúkọ orin wá ńkọ́? Inú ìwé tó wà nínú páálí CD ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Kì í sábà sí nínú CD fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ka iye orin àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, á wá lọ béèrè orúkọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní CDDB. Àwọn olùgbọ́ ló ń fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ síbẹ̀. CD olórin Paris wà níbẹ̀. Èyí tí olórin tiwa ṣe, tó ń tà lọ́jà, ẹ mélòó ló kọ ọ́ síbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ «Piste 01».

Àdánù ńlá ni fún wa. Lóru ẹ̀fẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́dún náà ni akọrin ń fi kọrin: á súre, á bá ẹni tó ṣẹ̀ wí, á pa wá lẹ́rìn-ín. Bí a ò bá mọ ìlú àti ọdún, a gbọ́ ohùn, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún gbogbo ayé. Ṣé àwa tí a ni ín ni yóò wá sọ orúkọ akọrin nù?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ní 1996, Smithsonian Folkways gbé CD ìlù Yorùbá ilẹ̀ Benin jáde, èyí tí Marcos Branda Lacerda, ọmọ Brazil, gbà sílẹ̀. Ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ìwé àlàyé rẹ̀ sì bá a débẹ̀.

Ẹ jẹ́ káwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. CD tí a fi kọ̀ǹpútà kọ nílé, oòrùn àti ooru ń bà á jẹ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ tọ́jú ọ̀kan ní FLAC, tí kì í yọ nǹkan kan nínú ohùn. MP3 ni kí ẹ máa pín. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ akọrin tàbí ará ilé rẹ̀ kí ẹ tó pín in. Ẹ ya fọ́tò páálí rẹ̀. Láti 1996 ni àyè orúkọ ti wà nínú MP3: ẹ kọ orúkọ akọrin, ìlú àti ọdún síbẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé orin náà lọ fún àgbà ilé kó gbọ́ ọ, nígbà tí ẹni tó lè dá ohùn náà mọ̀ ṣì wà láàárín wa.