Ìwúwo Ara, Agbára Eegun

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni eegun rí. Osteoporosis, àìsàn tí ń sọ inú eegun di oníhò bí afárá oyin, kì í sábà dun ènìyàn títí di ọjọ́ tí yóò ṣubú, tí ọrùn ọwọ́ tàbí ìbàdí yóò kán.

Ní ọjà Alabar, ní Kumasi, ní Ghana, bíi ti àwọn ọjà mìíràn, ẹni tó sanra ni ojú ń rí bí ẹni tí eegun rẹ̀ le. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2005, tó kó nǹkan bí 60,000 ènìyàn pọ̀, fi hàn pé obìnrin tó ga ní mítà 1.6, tó wọn kílò 51, fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì ewu pé ìbàdí rẹ̀ yóò kán, bí a bá fi wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọn kílò 64. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, inú ọ̀rá ni ara obìnrin ti ń rí ẹ́stírójìn díẹ̀ ṣe, èròjà tí kì í jẹ́ kí eegun tètè jẹ. Ẹni tó gbẹ kì í rí púpọ̀ mú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀rá, ọ̀tọ̀ ni iṣan. Ẹ wo obìnrin aláàárù tí àwọn ará Ghana ń pè ní kayayoo: “kaya” ni ẹrù lédè Hausa, “yoo” sì ni obìnrin lédè Ga. Ó tẹ orúnkún, ó fi òṣùká sórí, wọ́n gbé pánù ńlá lé e, iṣan itan rẹ̀ le, ó dìde. Fífà tí iṣan ń fa eegun yìí ló ń sọ fún eegun pé kó mọ ara rẹ̀ nípọn. Julius Wolff, oníṣẹ́-abẹ ará Jámánì, ti kọ ọ́ ní 1892 pé bí a bá ṣe ń lo eegun ni yóò ṣe tún ara rẹ̀ tò. Àwọn tó ń gbé lójú òfuurufú, níbi tí ara kì í ti wúwo, ń pàdánù nǹkan bí ìdá 1 sí 1.5 nínú 100 eegun ìbàdí wọn lóṣooṣù. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe àwáwí fún gbígbé ẹrù lé ọmọdébìnrin lórí o. Ọrùn ń jìyà rẹ̀.

Ọ̀rá ikùn kò ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 10, tó jáde ní 2011, rí i pé àwọn obìnrin tó sanra jọjọ ń kán eegun bí àwọn yòókù. Ọrùn ẹsẹ̀ àti itan tiwọn tiẹ̀ ń kán jù. Alátọ̀gbẹ tó sanra náà ńkọ́? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eegun lè wí pé eegun rẹ̀ pọ̀, kó sì tún tètè kán.

Ní abúlé Keneba ní Gambia, òdìkejì ni wọ́n rí: ìwádìí tó jáde ní 1996 fi hàn pé eegun àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ fúyẹ́ ju ti àwọn obìnrin Bìrìtìkó lọ, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí eegun wọn kán. Ojú lásán kò lè yan alángbá tí inú ń run, nǹkan kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ bá kà náà kò sì tó. Ìdí nìyẹn tí FRAX, ìṣirò ewu kíkán eegun tí Yunifásítì Sheffield gbé jáde ní 2008, fi ń béèrè ọjọ́ orí, kílò àti gíga, tó sì tún ń béèrè bóyá ìbàdí ìyá tàbí bàbá ẹni ti kán rí.