Àrùn Ọkàn Ibà Làkúrègbé

Àrùn tó ń ba ọkàn jẹ́ ni, àmọ́ ọ̀nà ọ̀fun ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò streptococcus a mú ọmọ lọ́fun. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ara ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà. Ibà làkúrègbé nìyẹn: ara á gbóná, oríkèé á máa ro ó, lónìí orúnkún, lọ́la ọrùn-ọwọ́. Oríkèé a máa san. Àmọ́ àpá tí ìjà náà bá dá sára fáàfù ọkàn kì í sábà lọ. Ilé tí èrò há sí ló ń mú kí kòkòrò náà máa ràn.

Pẹnisílíìnì, oògùn tí kò wọ́n, ló ń dènà rẹ̀. Ẹni tí ibà náà ti mú rí yóò máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn inú abẹ́rẹ́ yìí ki, ó sì máa ń dunni wọra. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá kì í fẹ́ padà wá. Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà.

Ní ẹkùn Pinar del Río ní Kúbà, láti 1986 sí 1996, wọ́n kọ orúkọ àwọn aláìsàn sínú ìwé kí wọ́n lè máa tọpa wọn, wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, olùkọ́ àti òbí. Àrùn náà láàrin ọmọ ilé-ìwé wálẹ̀ láti bíi 2 nínú 1,000 sí ohun tí kò tó 1. Ní 2018, Àpéjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu lórí àrùn yìí.