Sísun Inú Ọkọ̀ Mọ́jú ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú ni sí là ń sùn, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí ilẹ̀ ṣú sí inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìpínlẹ̀ àti ìlú tí òun wà, àní àdúgbò tí òun gbé ọkọ̀ sí, nítorí pé kò sí òfin kan ṣoṣo tí ó ká gbogbo orílẹ̀-èdè náà lórí ọ̀ràn yìí. Ní àwọn ibùdó ìsinmi tí ìjọba kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, wákàtí 3 ni Florida fún arìnrìn-àjò tí oorun ń kùn, California fún un ní 8, Texas ní 24. Ọ̀mùtí ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ ṣe ibi ààbò, nítorí ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, ẹni tí ọtí ń pa, tí ó sùn sí ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, lè jẹ́jọ́ bí ẹni tí ó ń wà á, bí táyà kò tilẹ̀ yí.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ilé mìíràn lẹ́yìn ọkọ̀ ni ó di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ní 1983, Los Angeles ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ ṣe ibùgbé ní ìgboro, ṣùgbọ́n kò sọ iye aṣọ tàbí oúnjẹ tí yóò wà nínú ọkọ̀ kí ó tó di ibùgbé. Àwọn ọlọ́pàá sì mú àní ẹni tí ó kàn jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ kí òjò má baà pa á, títí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ fi wọ́gi lé òfin náà ní 2014.

Ti Seattle tún ṣeni láàánú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2016, ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ tí ó fi ṣe ilé sí ilẹ̀ ìlú kọjá wákàtí 72 tí òfin gbà. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ tòun ti irinṣẹ́ tí ọkùnrin náà fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, wọ́n ní kí ó san 547 dọ́là, òun sì sùn sí ìta gbangba nínú otútù. Ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ìpínlẹ̀ Washington dá a láre pé ilé ni ọkọ̀ náà, àti pé owó náà wúwo ju agbára rẹ̀ lọ. Ìdájọ́ tí ó mọ́gbọ́n dání gan-an ni lójú tèmi.

Síbẹ̀, ní oṣù kẹfà 2024, onídàájọ́ 6 nínú 9 ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà gbà pé ìlú Grants Pass, ní Oregon, lè bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá pàgọ́ sùn ní ìgboro, yálà inú ọkọ̀ ni tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Santa Barbara ti gba ọ̀nà mìíràn láti 2004: ẹgbẹ́ aláàánú kan bá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn mìíràn tí ó ní ààyè ìgbọ́kọ̀sí sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń gba àwọn tí ń gbé inú ọkọ̀ láyè lálẹ́, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ kí kálukú gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò.